Àlejò Tí Wọn Kò Dárúkọ

Hàlímọ̀tù fi ahọ́n rin ẹnu òwú, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là lọ́ ọ títí tó fi mú bí ẹ̀gún, ó di ojú kan, ó sì ti òwú náà gba inú ìlẹ̀kẹ̀ kọjá. Ìlẹ̀kẹ̀ náà sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ó tún mú òmíràn.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Sakinah, àkọ́bí rẹ̀, ló ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Pàkàtà báyìí, ẹsẹ̀ nínà, àwo ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Àwọn tó wá kí i á jókòó, wọ́n á ní kí Ọlọ́run forí jì í, wọ́n á wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á dìde lọ. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ti í gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀.

Tẹ̀sùbáà sínsín ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ọjà-Ọba, lọ́nà ibi tí àwọn èèyàn ń gbà bí wọ́n bá ń ti mọ́sálásí bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn alfa mọ òwú rẹ̀. Kì í já. Ṣùgbọ́n èyí tó ń sín lọ́wọ́ kì í ṣe ti ọjà. Sàráà ni. Bí ọjọ́ kẹjọ bá pé tí wọ́n bá ṣe fídáù fún Sakinah, ó fẹ́ kí alfa kọ̀ọ̀kan tó bá gbàdúrà fún un mú ọ̀kan lọ sílé. Bí wọ́n bá ti ń fà á lọ́wọ́ tí wọ́n ń ṣe àsíkìrì, láádá rẹ̀ á máa tọ ọmọ náà lọ.

Inú kànga ni Sakinah kú sí, nílé ọkọ rẹ̀ ní Òkélele. Ó lọ pọn omi láàárọ̀. Àwọn ará ilé gbọ́ ìró garawa, wọn kò gbọ́ ìró mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa fà á jáde, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí oòrùn tó rọ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Òkú ọ̀dọ́ kì í jẹ́ ká rántí ìbéèrè.

Alfa Abdulfattah, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní kéú, ló kọ́kọ́ gbé ìbéèrè wọlé. Ó kí Hàlímọ̀tù kú ìrọ́jú, ó jókòó, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé.

"Ìyá Sakinah, nípa ti ọjọ́ kẹjọ yẹn. Àwọn kan nínú wa ní kí a ṣì fà á sẹ́yìn díẹ̀."

"Kí a fà á sẹ́yìn kẹ̀? Alfa, ọjọ́ kẹjọ ń jẹ́ ọjọ́ kẹjọ."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé?"

Alfa wo àwo ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni pé inú rẹ̀ ni èsì wà. Màsúdát, tó ń ta tìróò àti tùràrí nísọ̀ tó kángun sí ti Hàlímọ̀tù lọ́jà, ń fọ abọ́ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Ẹnu Màsúdát kì í gbé nǹkan mì.

"Alfa, ẹ sọ fún un! Ṣé ẹ rò pé kò ní gbọ́ ni? Gbogbo Ìlọrin ló ti kà á, àfi ẹni tó bímọ."

"Kà kí ni?" ni Hàlímọ̀tù wí.

Hadiyyah, ọmọ rẹ̀ kejì, wà lórí ìdúró nínú ilé, fóònù lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ sọ pé òun pẹ̀lú ti kà á. Ìyá rẹ̀ nawọ́ pè é.

"Wá kà á sétí mi."

"Màámi, ẹ má wulẹ̀…"

"Kà á."

Hadiyyah kà á. Ojú-ewé ìròyìn kan ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Ojú Àgbàlá, tó jẹ́ pé orí ayélujára nìkan ló wà, kò ní ìwé, kò ní rédíò. Wọ́n fi àwòrán kànga náà sí i, pẹ̀lú táyà ọkọ̀ tó yí ẹnu rẹ̀ ká. Wọ́n fi orúkọ Sakinah sí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sókè: ÌYÀWÓ ILÉ PA ARA RẸ̀ L'ÓKÉLELE, Ó BẸ́ SÍ KÀNGA. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n bi àwọn òǹkàwé léèrè pé: ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ ló fà á?

"Àwọn èèyàn ńkọ́? Kí ni wọ́n fi fèsì?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Màámi."

Màsúdát gba fóònù náà. "Ẹnì kan ní àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí le ju kànga lọ. Òmíràn ní kí ló dé tí kò fi gbá ọkọ náà mú bẹ́ sínú rẹ̀. Eléyìí ní ẹni tó pa ara rẹ̀, kí ni wọ́n kírun sí i lára fún. Wèrè kan ní…"

"Ó tó, Màsúdát," ni Alfa wí. Ó kọjú sí Hàlímọ̀tù. "Èmi mo kírun sí i lára, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wa ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀, àwọn ò ní jókòó ti fídáù rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní kí ni òótọ́? N kò rí nǹkan sọ. Ẹ bá mi wá ohun tí mo máa sọ fún wọn. Kí ló gbé e dé inú kànga?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀."

Alfa mí kanlẹ̀. "Ìyá Sakinah, mo dúró létí kànga yẹn. Ẹnu rẹ̀ ga tó ìbàdí mi."

Hàlímọ̀tù mú ìlẹ̀kẹ̀ kan. Kò sín in. Ó kàn mú un dání.

*

Sakinah kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí àlejò kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n ti ń pè é nílé nìyẹn. Ọmọ náà ń ṣeré lórí ẹní, ojú rẹ̀ yí sókè lójijì, ọwọ́ rẹ̀ le, ó ń gbọ̀n, ìfófó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ọkọ Hàlímọ̀tù, tó ṣì wà láyé nígbà náà, ti ilẹ̀kùn. Ó ju aṣọ bo ọmọ náà. Ó ní kí Hàlímọ̀tù má fọwọ́ kan itọ́ rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, nítorí bí itọ́ yẹn bá ta sí èèyàn lára, ó ti kó o nìyẹn. Hàlímọ̀tù fọwọ́ kàn án. Ó nù ún pẹ̀lú ìdí aṣọ rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Dókítà tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ bá sọ orúkọ rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Yorùbá, tààrà, lójú àwọn èèyàn tó jókòó: wárápá. Hàlímọ̀tù gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó dìde, bí ẹni tí wọ́n bú. Ó gba oògùn náà. Ọ̀rọ̀ náà, kò gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ bá ti ṣubú, "àlejò ti dé" ni. Bí àlejò bá pẹ́ kó tó padà wá, wọ́n á ṣe sàráà. Nígbà tí Sakinah ṣubú lé ààrò tí iná jó o lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ̀wà gbígbóná ló dà sí i lára. Sakinah fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti ń sọ ọ́. Ó sọ ìtàn ẹ̀wà náà dáadáa débi pé ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.

Nígbà tí Sulaiman wá fẹ́ ẹ, ọmọ tó ń ta iṣu lọ́jà Ìpàtà, tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, Hàlímọ̀tù kò sọ fún un. Ó ní bí ó bá di pé wọ́n ti mọwọ́ ara wọn, òun á sọ. Ó ní bí wọ́n bá bímọ. Wọn kò tíì bímọ. Lóṣooṣù, Sakinah á wá bá ìyá rẹ̀ sín tẹ̀sùbáà, bó bá sì ń padà sílé, agolo ìlẹ̀kẹ̀ kan á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ funfun ni oògùn funfun máa ń wà. Sulaiman rò pé iṣẹ́ ni ìyàwó òun ń kó bọ̀ wálé.

Lóṣù yìí, ilé oògùn kò ní i. Hàlímọ̀tù ní kó ṣe sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

*

Sulaiman wá lọ́jọ́ kejì tí Alfa wá. Ó jókòó sílẹ̀, kò jókòó lórí àga. Eruku iṣu wà létí aṣọ rẹ̀ síbẹ̀. Ó ti gbìyànjú láti lọ sọ́jà.

"Wọ́n jẹ́ kí ẹ tà?" ni Hadiyyah bi í.

"Wọ́n ń pè mí ní Ọkọ Kànga." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Ẹnì kan ní tí mo bá fẹ́ fẹ́ òmíràn, kí n wá ẹni tó mọ odò wẹ̀."

"Kò ní dáa fún olúwarẹ̀," ni Màsúdát wí látita.

Sulaiman kọjú sí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kéré bí ti ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

"Màámi, kí ni mo ṣe fún un?"

Hàlímọ̀tù gbé ojú sókè.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ni. Mo ní kò fọ ìkòkò dáadáa. Ìyẹn náà ni mo sọ, Màámi, mo fi Ọlọ́run búra. Mo ti ń rò ó. Mo ń ka ohun tí wọ́n kọ yẹn, mo tún ń kà á. Ṣé nítorí ìkòkò lèèyàn ṣe ń… Ṣé ó sọ nǹkan fún yín nípa mi? Tí mo bá mọ ohun tí mo ṣe, mo lè tọrọ àforíjìn. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ tọrọ àforíjìn lé lórí."

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu Hàlímọ̀tù. Ó mọ bó ti ṣe wúwo tó lórí ahọ́n. Ó wo Hadiyyah, tó dúró tì wọ́n, tí làálì tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé fún un kò tíì parẹ́ tán lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n fẹ́ so yìgì rẹ̀ pẹ̀lú Haneef, ọmọ kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, ọmọ ilé ire. Àwọn ẹbí Haneef ti ṣe ìwádìí wọn bí wọ́n ti í ṣe é. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà, ó mu omi, ó ní: "Ìyá Hadiyyah, ẹ má bínú o, ìbéèrè àwọn àgbà ni. Kò sí ẹ̀tẹ̀? Kò sí wèrè? Kò sí wárápá?" Hàlímọ̀tù ní: "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa." Obìnrin náà ní àmín.

"O kò ṣe nǹkan kan fún un," ni Hàlímọ̀tù sọ fún Sulaiman.

"Kí ló wá dé tó fi bẹ́ sí i?"

Hàlímọ̀tù ní kó jẹun. Nígbà tí Sulaiman lọ, àwo oúnjẹ tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ wà bó ti wà.

Hadiyyah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti wé gèlè rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

"Bá ta ni?"

"Àwọn Ojú Àgbàlá. Mo mọ ibi tí wọ́n wà."

"Ká lọ sọ kí ni fún wọn?"

Hadiyyah gbé bàtà ìyá rẹ̀, ó tò ó síwájú rẹ̀.

"Haneef ńkọ́?" ni Hàlímọ̀tù wí.

"Haneef náà ń ka fóònù bí gbogbo ayé."

*

Òkè ilé ìtajà kan ni ọ́fíìsì Ojú Àgbàlá wà, létí GRA, níbi tí títì ti dákẹ́, tí kẹ̀kẹ́ kì í pọ̀. Yàrá kan ni. Tábìlì kan, àga mẹ́ta, iná roboto kan lórí igi tí wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò ju ọjọ́ orí Sulaiman lọ. Muhammad Awwal lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń gbọ́ ìròyìn, òun ló ń kọ ọ́, òun náà ló ń gbé e jáde. Ó lóṣòó kí Hàlímọ̀tù, ó fún un ní àga tó dára jù. Kò mọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Ṣé ìpolówó ni?"

"Ìyá Sakinah ni mí."

Ó gba ìṣẹ́jú kan kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí rere."

"Ta ló sọ fún ọ pé ọmọ mi pa ara rẹ̀?"

"Ẹnì kan pè mí láti àdúgbò wọn. Ó ní obìnrin kan ti lọ sínú kànga."

"Lọ sínú kànga ló sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìwọ wá kọ pé ó bẹ́ sí i."

Awwal fọwọ́ pa orí. "Màámi, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwa tá a wà lórí ayélujára, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ló ni ín. Tí mo bá ní kí n dé ibẹ̀ kí n tó kọ ọ́, ẹlòmíràn á ti gbé e. Tí mo bá dẹ̀ kọ ọ́ pé obìnrin kan kú sínú kànga, ta ló máa tẹ̀ ẹ́? Ojoojúmọ́ lèèyàn ń kú. Mo wo ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn, mo lò ó."

"Ó sún mọ́ ọn," ni Hadiyyah wí. "Ọkọ rẹ̀ ò lè sọdá Ìpàtà mọ́. Àwọn alfa ò fẹ́ ṣe fídáù rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn gan-an ni."

Awwal wo ilẹ̀. Fáànù kan ń yí lókè, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

"Mo lè pa á rẹ́."

"Tó o bá pa á rẹ́, wọ́n á ní a fún ọ lówó ni," ni Hàlímọ̀tù wí.

"Òótọ́ ni. Wọ́n tiẹ̀ ti pín in káàkiri." Ó fa fóònù rẹ̀ mọ́ra. "Kò sì sí bí àtúnṣe ṣe máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ka ti àkọ́kọ́, Màámi. Àwọn tó ń ka irú ẹ̀ kì í pọ̀. Ẹ má retí ohun tó pọ̀."

"Àwọn alfa ni mo fẹ́ kó kà á. Àti ọkọ rẹ̀."

"Ó dáa. Kí ni kí n wá kọ? Wọ́n máa bi mí. Àwòrán kànga wà níbẹ̀. Tí kò bá bẹ́ sí i, báwo ló ṣe dé inú rẹ̀?"

Hàlímọ̀tù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òwú ti gé e ní ìka láti ọjọ́ pípẹ́, ojú ibẹ̀ ti le. Ó ronú kan ìyá ọkọ rẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn. Ó ronú kan nọ́ọ̀sì náà, tí òun bínú sí títí di òní, tí kò ṣe ju pé ó pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀.

"Ó tẹ̀ síwájú láti fa omi. Wárápá mú un. Ó ṣubú sí i."

Hadiyyah kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ìyá rẹ̀ rí. Awwal bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á fún wọn: "Àtúnṣe. Arábìnrin Sakinah, tó kú sínú kànga ní Òkélele, kò pa ara rẹ̀. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ fún wa pé àrùn ọpọlọ tó ń bá a fínra ló kì í mọ́lẹ̀ nígbà tó ń pọn omi…"

"Dúró," ni Hàlímọ̀tù wí. "Àrùn kí ni?"

"Àrùn ọpọlọ. Inú ọpọlọ ni nǹkan yẹn ti ń wá, Màámi. Mo kà nípa ẹ̀ níléèwé." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé á bo yín láṣìírí díẹ̀ ni. Èyí tí ẹ pè é yẹn le."

Àánú ni. Hàlímọ̀tù rí i pé àánú ni. Irú àánú yẹn lòun fi tọ́ Sakinah dàgbà.

"Hadiyyah, tí àwọn èèyàn bá ka àrùn ọpọlọ, kí ni wọ́n máa rò?"

"Wọ́n á ní wèrè ni. Wọ́n á ní wèrè ló bẹ́ sí kànga."

"Pa á rẹ́," ni Hàlímọ̀tù sọ fún Awwal. "Kọ wárápá."

Awwal wo ìyá, ó wo ọmọ. Ó rí làálì ọwọ́ Hadiyyah.

"Màámi, ọmọ Ìlọrin lèmi náà. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe nílé tó bá ti wọ̀. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, kò ṣe é kó padà o. Ẹ ní ọmọ mìíràn."

Hàlímọ̀tù kọjú sí Hadiyyah.

Hadiyyah na ọwọ́. "Ẹ fún mi."

Ó gba fóònù náà. Ó pa ọ̀rọ̀ méjì rẹ́, ó kọ ọ̀kan sí i. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ọmọ kéú tó ń ka wàláà rẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ó dá a padà fún Awwal.

"Ó ti tọ́."

Awwal tẹ̀ ẹ́.

*

Àwọn alfa wá lọ́jọ́ kẹjọ. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wá. Alfa Abdulfattah ló jókòó síwájú. Wọ́n tẹ́ ẹní láti ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò, wọ́n ka Kùránì, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n pe orúkọ Sakinah mọ́ ti ìyá rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Hàlímọ̀tù jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó ń gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọkùnrin láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó rí i gbà.

Màsúdát wá pẹ̀lú. Òun ló ń gbé abọ́ kiri, òun ló ń bú àwọn tó ń bu ẹran jù. Nígbà tí òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó bu omi láti inú ike tó gbé wá láti ilé rẹ̀. Bí ojú òun àti Hàlímọ̀tù ṣe pàdé, ó yára gbé ike náà sẹ́yìn.

"Oògùn ni mo pò mọ́ ọn," ni ó wí. "Ti inú rírun."

"Ọlọ́run á fi ṣe ìwòsàn," ni Hàlímọ̀tù wí.

Ẹní kan wà tí wọ́n tẹ́ lọ́tọ̀, tí wọ́n fi tìmùtìmù tuntun sí, fún àwọn ará ilé Haneef. Oòrùn ti dé orí rẹ̀, ó ti yí kúrò, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀. Ọmọdé kan fẹ́ lọ jókòó sí i, Hadiyyah fà á kúrò. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ náà padà.

Sulaiman wà ní ìkángun, lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí àdúà parí, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Hàlímọ̀tù. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀.

"Mo kà á, Màámi."

"Sulaiman."

"Ẹ kú iṣẹ́. Wọn ò pè mí ní nǹkan kan mọ́ lọ́jà." Ó ń fi ìka fa ilà sórí ilẹ̀. "Agolo ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ń gbé wálé, mo ṣí i lánàá. Mo rí ìyẹ̀fun oògùn nídìí rẹ̀. Oògùn ọ̀hún ti tán pátápátá."

Hàlímọ̀tù kò lè gbé ojú rẹ̀ kúrò lára ìka tó ń fa ilà yẹn.

"Ẹ̀ bá ti sọ fún mi," ni Sulaiman wí. "Èmi ni ǹ bá máa pọn omi."

Ó dìde. Ó gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀, ó kí Alfa, ó lọ.

Alfa Abdulfattah ti pín tẹ̀sùbáà náà. Alfa kọ̀ọ̀kan gbà á, ó ní àlùbáríkà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn kan fi sápò. Hàlímọ̀tù rí ọ̀kan tó yọ ìnujú jáde, tó kọ́kọ́ nu òwú rẹ̀ dáadáa láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń nu itọ́ kúrò, kó tó fi sápò. Nígbà tí wọ́n dìde tí wọ́n ń wá bàtà wọn, tí wọ́n ń kí ara wọn, ẹní ṣófo díẹ̀díẹ̀. Lórí ẹní, níhìn-ín lọ́hùn-ún, tẹ̀sùbáà wà níbi tí wọ́n ti jókòó. Wọ́n rọra ká wọn sílẹ̀, bí nǹkan tí èèyàn ṣèèṣì gbàgbé.

Alfa Abdulfattah rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà wọ́n.

"Ẹ fi sílẹ̀, Alfa," ni Hàlímọ̀tù wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Fóònù Hadiyyah dún nínú ilé. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Hàlímọ̀tù gbọ́ tí ọmọ náà gbé e, tó ní, "Haneef." Lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi "bẹ́ẹ̀ ni," àti "mo gbọ́," àti "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ṣà èyí tó kù. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà jábọ́, ó fẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀, ó kọjá lára Màsúdát tó ń pè é, ó sì gba ọ̀nà Ọjà-Ọba lọ, kó lọ tẹ́ wọn sí ìsọ̀ rẹ̀.